Wọ́n Yan Iwájú, Wọ́n Bá Ara Wọn Lẹ́yìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ní aago méje kò lè gbéra, torí obìnrin kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ní kí awakọ̀ dìde, òun ti sanwó ìjókòó yẹn.

Awakọ̀ kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó na fóònù kékeré ọwọ́ rẹ̀ sí i lójú. Tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọjọ́ rẹ̀ tọ̀nà, aago rẹ̀ tọ̀nà, wọ́n sì kọ ọ́ kedere pé Ìjókòó Kìíní. Bẹ́ẹ̀, nínú ọkọ̀ yẹn, nọ́ńbà kìíní tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ, ara àga awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà.

“Ìyá, ṣé ẹ mọ ọkọ̀ wà ni?” awakọ̀ bi í.

“Mi ò mọ̀ ọ́n wà.”

“Tí mo bá wá dìde fún yín, ta ni yóò gbé wa débẹ̀?”

“Ìyẹn kọ́ lẹ́jọ́ tèmi. Àga tó wà lẹ́yìn yín gan-an ni mo yàn, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Áàpù yín ló ní ibi tí ẹ jókòó sí ni tèmi. Ẹ lọ bá áàpù yín jà.”

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá àga mìíràn fún ìyá náà, ó fi ìbínú wọlé, ọkọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe áàpù. Ilé ni ọkùnrin náà wà, ó ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin di okùn bàtà ilé-ìwé, nígbà tí wọ́n pè é.

Aláàpù ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Òun nìkan ló fi oṣù mẹ́fà ṣe áàpù náà, nínú yàrá kan tí kò gbà ju tábìlì kan àti àga kan lọ, lẹ́yìn tó ti fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀. Obìnrin tó ni ọkọ̀ mẹ́sàn-án tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn ló gbé iṣẹ́ náà fún un, Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni àwọn èrò ti ń fi áàpù náà ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí èèyàn bá ṣí i, yóò rí àwòrán inú ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n ká òrùlé rẹ̀ kúrò. Àga awakọ̀ àti ti ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà níwájú, ìlà mẹ́rin tẹ̀ lé wọn, àga mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wu èèyàn ni yóò fìka tẹ̀. Ojú ewé ìsanwó yóò yọ, ó di kó sanwó, tíkẹ́ẹ̀tì dé. Aláàpù ò kọ nọ́ńbà sórí àga kankan nínú àwòrán, torí lójú tirẹ̀ nọ́ńbà ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Àga awakọ̀ nìkan ló kùn ní àwọ̀ eérú, kí ojú lè mọ̀ pé kì í ṣe títà. Àwòrán náà dára lóòótọ́. Ìyá Ọlọ́kọ̀ fi han gbogbo ẹbí rẹ̀, ó ní, “Ẹ wo ọkọ̀ mi bó ṣe sùn sílẹ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tuntun.”

Nígbà tí Aláàpù dé ibùdókọ̀, ó gba ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Obìnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀ tó ti ń jókòó sórí àga kan náà láti ọdún mọ́kànlá. Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló ń tẹ orúkọ èrò jáde láràárọ̀, tó sì ń pè wọ́n wọlé.

“Ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ àlàyé o,” Àǹtí sọ fún un. “Ìyá àárọ̀ yìí kọ́ ni àkọ́kọ́.”

Aláàpù yọ fóònù rẹ̀. Ó tẹ àga ẹ̀yìn awakọ̀. Ìjókòó Kẹta. Ó tún un tẹ̀. Ìjókòó Kẹta. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò yẹ̀ rárá.

“Ẹ ò rí i? Ìyá yẹn ló ṣi ọwọ́ tẹ̀.”

Àǹtí wò ó sùn-ùn, ó ní, “Kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọkùnrin gíga kan tí orúnkún rẹ̀ kì í gba ibi tó há, tó sì yan iwájú pátápátá, bá ara rẹ̀ láàárín èèyàn méjì lórí ìlà tó kángun. Tọkọtìyàwó kan yan àga méjì tó fara kanra. Ọkọ fi fóònù tirẹ̀ yan tirẹ̀, ìyàwó fi tirẹ̀ yan tirẹ̀. Ọkọ bọ́ síwájú, ìyàwó bọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èyí tó wá ń ba Aláàpù nínú jẹ́ jù ni pé àwọn mìíràn ò ní ìṣòro kankan. Ọkùnrin tó ń ta gíláàsì ojú lódìkejì títì ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ibi tó bá yàn náà ló ń jókòó sí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Aláàpù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ orí. Bóyá èèyàn méjì ló ń ra àga kan ní ìṣẹ́jú kan náà, tí ẹ̀rọ sì ń ti ọ̀kan sẹ́yìn. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń já láàárín. Ó tú ibi tó ń tọ́jú orúkọ èrò palẹ̀, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló gbà á. Ó gbé e jáde lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan yan ìlà kejì, ó bọ́ sí ìlà kẹrin. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ bí omi inú agbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ọlọ́kọ̀ ránṣẹ́ pè é sí yàrá òkè.

“Ṣé áàpù ló ya wèrè ni, àbí èèyàn?” ó bi í.

“Mà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.”

“Nǹkan kan ló ń ṣe é. Àwọn èrò ò lè máa parọ́ kan náà láìpàdé.”

Aláàpù ní láti sọ nǹkan, ohun tó sì wà nítòsí ètè rẹ̀ ló bọ́ jáde.

“Mà, ẹnìkan ṣoṣo ló tún lè yí ìjókòó padà lẹ́yìn èmi. Kọ̀ǹpútà Àǹtí nísàlẹ̀… èmi ni mo fún wọn láṣẹ rẹ̀.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kó tó sọ pé kì í ṣe pé òun ń nàka sí ẹnikẹ́ni, Ìyá Ọlọ́kọ̀ ti na ọwọ́ sí fóònù orí tábìlì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ní kí Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì lọ sinmi nílé títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ wò. Àǹtí ò jà. Ó kó ife tíì rẹ̀, ó kó tìmùtìmù tó fi ń tẹ́ àga, ó kó ìwé ìkọ̀wé kan tó ti gbó létí, ó kí àwọn awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Aláàpù, ó ní, “O káre o.” Aláàpù ò mọ̀ bóyá ìkíni ni àbí èébú.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá jókòó lẹ́yìn gíláàsì láti ọjọ́ kejì. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Síbẹ̀, àwọn èrò ṣì ń yan iwájú, wọ́n ṣì ń bá ara wọn lẹ́yìn. Aláàpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wò. Bí kì í bá ṣe Àǹtí, ta ni? Bí kì í bá ṣe ẹnikẹ́ni, kí ni? Ọ̀rọ̀ di adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé ìwòsàn rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì nílùú mìíràn, ó sì fi áàpù ọkọ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Nígbà tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kó tó bọ́ bàtà, ó ti fọwọ́ di ìbàdí mú.

“Dádì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níwájú ni mo yàn o. Orí táyà ẹ̀yìn ni wọ́n gbé mi lé. Àlọ bẹ́ẹ̀, àbọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ṣi ọwọ́ tẹ̀…”

Nọ́ọ̀sì yí padà pátápátá.

“Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ tí mo fi ń wá iṣan lára ọmọ ọjọ́ méjì, tí mo sì ń rí i? Ẹ gba fóònù yìí, kí ẹ fi ọwọ́ tiyín tẹ̀ ẹ́.”

Aláàpù gba fóònù náà. Ó fẹ̀ gan-an, ojú rẹ̀ mọ́ bí omi. Ó tẹ àga ẹ̀yìn awakọ̀, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ ní àárín gbùngbùn. Ìjókòó Kẹsàn-án. Ó gbé fóònù tirẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó tẹ àga kan náà. Ìjókòó Kẹta. Ó tún padà sórí ti ìyàwó rẹ̀. Kẹsàn-án. Ọmọ wọn dé, ó ní òun náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Kẹsàn-án.

“Báwo ló ṣe jẹ́?” ìyàwó rẹ̀ bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Mi ò mọ̀.”

Lóòótọ́ ni kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú níbi tó jókòó sí, ó sì wúwo ju èyí tí kò mọ̀ lọ. Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ wà níta ni Àǹtí ń gbé. Ó ń lọ aṣọ nígbà tí Aláàpù kanlẹ̀kùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò ó, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Aláàpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀.”

Àǹtí lọ apá kan ṣẹ́ẹ̀tì tán, ó yí i padà, ó lọ apá kejì.

“Agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà,” ó sọ níkẹyìn. “Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni mo ń bá wí níbẹ̀. Ìwọ, o ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Dìde, ẹsẹ̀ á ro ọ́.”

Ó pa iná áyọ́ọ̀nù, ó wọ yàrá, ó mú ìwé ìkọ̀wé tó gbó létí yẹn jáde, ó sì jù ú sórí tábìlì. Aláàpù ṣí i. Ojú ewé mẹ́rin ló kún. Gbogbo èrò tó ti wá ṣàròyé wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wá, àga tí wọ́n ní àwọn yàn, àga tí tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, Àǹtí kọ irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Kékeré. Ńlá. Ńlá gan-an.

“Àwọn oní-fóònù kékeré ń bọ̀ síwájú,” Àǹtí sọ. “Àwọn oní-ńlá ń lọ sẹ́yìn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti wo fóònù ọwọ́ èèyàn báyìí, mo ti mọ ibi tó máa jókòó sí kó tó fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn mí.”

“Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ṣé o bi mí ni?”

Aláàpù tẹ orí ba ìwé náà. Àwọn mẹ́ta kan wà tí Àǹtí fi bírò pupa yí po. Fóònù wọn kéré, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n lọ. Ó béèrè ohun tó ṣe àwọn yẹn.

“Àwọn yẹn ò yé mi. Fóònù wọn kéré, àmọ́ ó jọ olówó iyebíye. Àwòrán inú rẹ̀ mọ́ débi pé o lè ka irun ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀.”

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣí ní orí Aláàpù, kò tilẹ̀ ṣí tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú fóònù, àmì iná tíntìntín ló kóra jọ síbẹ̀, bí iyanrìn tí wọ́n tò. Fóònù kan lè fẹ̀ kí àmì tirẹ̀ má pọ̀. Òmíràn lè kéré kí wọ́n ki àmì sínú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Aláàpù ń ṣe áàpù náà, ó ní kí àwòrán ọkọ̀ máa fẹ̀ tàbí kó sún kì, kó lè kún ojú fóònù tó bá bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ ibi tí ìka gbọ́dọ̀ kàn kí áàpù tó mọ àga tí wọ́n yàn, ńṣe ló ka àmì iná lójú fóònù tirẹ̀, tó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi í síbẹ̀ gbọnin. Àwòrán ń nà, ibi ìtẹ̀ ò nà. Níbi tí àmì bá ti pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ìka tó kan àga iwájú á bọ́ sórí iye tó kọ fún àga ẹ̀yìn; níbi tí àmì ò bá pọ̀ tó tirẹ̀, á bọ́ síwájú. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn bàtà fún gbogbo àdúgbò. Kò sì jẹ́ mọ̀ láé, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló fi ń dán bàtà náà wò.

“Ṣé fóònù ló wá jẹ̀bi báyìí?” Àǹtí bi í.

“Rárá, mà. Èmi ni.”

Ó rò pé òun á tún un ṣe tán láàárín ọjọ́ kan péré. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí Aláàpù ti jẹ́wọ́ fún un, Ìyá Ọlọ́kọ̀ kéde pé èrò tó bá yá wọn ní fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò gba omi tútù ọ̀fẹ́. Wọ́n tẹ́ fóònù mọ́kànlá sórí káńtà. Ọkọ̀ kan náà ni, àmọ́ kò sí méjì tó jọra. Ó gùn tínrín lórí ìkan, ó kúrú bí àpótí lórí òmíràn, ihò kámẹ́rà jẹ iwájú rẹ̀ lórí ẹ̀kẹta. Aláàpù ní kí áàpù máa fi ìpín ojú fóònù, bí ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin, wọn ibi ìtẹ̀, kó má ka àmì iná mọ́. Mẹ́jọ tọ́. Mẹ́ta ò tọ́. Ó tún àwọn mẹ́ta ṣe, méjì nínú àwọn mẹ́jọ bà jẹ́.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dé, ó ti sọ lẹ́tà fóònù rẹ̀ di ràgàjì nítorí ojú rẹ̀. Bọ́tìnnì ìsanwó ò sí níbẹ̀ rárá. Lẹ́tà ńlá ti tì í kúrò lójú fóònù.

“Níbo ni mo ti máa sanwó?” tíṣà béèrè.

“Ó wà nísàlẹ̀, bàbá.”

“Ìsàlẹ̀ wo? Mo ti dé ìsàlẹ̀.”

Kò tíì yanjú ìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi yọ fóònù tó ṣeé ká bí ìwé. Ó ká a, ọkọ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ṣí i, ọkọ̀ fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àga tí ìka Aláàpù wà lórí rẹ̀ sì ti rìn lọ síbòmíràn kó tó gbé ìka kúrò. Aláàpù ń wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ti àlejò. Ó dá fóònù padà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fún un ní omi rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga èrò lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ń sunkún bí? Kò sunkún. Àmọ́ bí ẹnìkan bá bi í ní orúkọ rẹ̀ lásìkò yẹn, á ní kó fún òun láàyè láti rò ó.

Orí àga yẹn ló wà tó fi rí i pé àwòrán gan-an ni wàhálà. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá jẹ́ àwòrán kan, tí ibi ìtẹ̀ sì jẹ́ nǹkan mìíràn tí wọ́n tẹ́ lé e lórí, ọjọ́ kan ni méjèèjì á pínyà. Ó padà sílé, ó ju àwòrán rèǹtèrente yẹn nù. Ó ya àga kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó jẹ́ kí ìtẹ̀ jẹ́ ti àga fúnra rẹ̀, kó jẹ́ pé ibi tí àga bá sún sí, ìtẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ. Ó kọ nọ́ńbà sórí wọn. Ó yọ àga awakọ̀ kúrò nínú ohun títà. Kí èèyàn tó sanwó, áàpù á kọ́kọ́ bi í bóyá àga nọ́ńbà báyìí-báyìí ló fẹ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ mẹ́fà. Àwòrán tuntun náà ò rẹwà tó ti àkọ́kọ́. Ìyá Ọlọ́kọ̀ wò ó títí, ó ní, “Ó jọ páálí ẹyin.” Àmọ́ ó ní kí wọ́n máa lò ó.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì. Àǹtí gbà, ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun wá sọ̀rọ̀ níwájú òun. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò lọ́jọ́ Ẹtì, Aláàpù dúró láàárín àwọn awakọ̀ mẹ́sàn-án, ó ní àṣìṣe náà, tòun ni, Àǹtí ò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àmì iná, àmọ́ ojú àwọn awakọ̀ ti ń ṣú. Ọ̀kan nínú wọn ní, “A ti gbọ́. Ó ti tó.” Àǹtí ti wọlé lọ tún tìmùtìmù rẹ̀ tẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, èrò mọ́kàndínlógójì ló fi áàpù yan àga, méjìdínlógójì ló jókòó síbi tí wọ́n yàn. Fóònù ẹnìkan tó kù ń fi ìdajì ọkọ̀ péré hàn, Aláàpù ò sì mọ ìdí rẹ̀. Àǹtí fi bírò kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un, onítọ̀hún sì rìnrìn àjò rẹ̀.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó ti yé e wàyí.

“Ti fóònù ti yé mi,” ó dáhùn. “Èyí tí kò yé mi ni ti Àǹtí. Bí mo ṣe yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, tí mo yẹ ẹ̀rọ wò, tí mo wá yẹ èèyàn wò, tí ọkàn mi ò fi lọ sórí ara mi títí… Mo rò ó, mo rò ó, mi ò rí ìdí rẹ̀.”

Ó ń retí kó fèsì. Àmọ́ oorun ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ lórí àga, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Aláàpù rọra bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ wo ọmọ nínú yàrá.